Akéde àti Obìnrin tí Kò Ní Ibojì: Ọ̀rọ̀ lórí Iṣẹ́ Isaac Babalọlá Thomas

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò dá èrò dúró, mo ń kọ́ Ẹgbẹ́ Ìyá ní ẹ̀kọ́ nínú ìjọ kékeré kan tí a fi sí ìkáwọ́ mi. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dá lórí ìrònúpìwàdà. Nígbà tí mo rí i pé oorun ti ń kun àwọn ìyá náà, mo pa Bíbélì dé, mo sì sọ ìtàn Sẹ̀gilọlá fún wọn, obìnrin arẹwà ará Èkó tí ó lo ẹwà rẹ̀ ní ìlò ìlòkulò títí ogbó àti àìsàn fi bá a, tí ó sì ń kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí olóòtú ìwé ìròyìn kan, kí àwọn ọmọge ìwòyí lè fi í kọ́gbọ́n. Mo sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́, nítorí bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni a ṣe sọ ọ́ fún èmi náà nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Oorun sá lọ. Nígbà tí mo parí ọ̀rọ̀, ìyá àgbàlagbà kan dìde, ó fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀, ó ní, "Kátíkíìsì, níbo ni wọ́n sin ín sí?"

Èmi kò rí èsì fún un. Mo lọ sí ilé, mo wá ìwé kiri, mo sì rí i pé kò sí ibojì kankan, nítorí pé kò sí obìnrin náà. Isaac Babalọlá Thomas, olóòtú Akéde Èkó, ni ó jókòó ti tábìlì rẹ̀ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo lẹ́tà wọ̀nyí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ojú tì mí gidigidi. Mo ti mú kí àwọn ìyá sunkún lórí ẹni tí a kò bí rí. Láti ọjọ́ náà wá ni ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí kò ti kúrò ní ọkàn mi, ìbéèrè tí mo sì ń bi ara mi kò ju ọ̀kan lọ: ǹjẹ́ òpùrọ́ ni, tàbí olùkọ́?

Ìbéèrè náà kò ṣe é dáhùn bí ó bá ṣe pé ìwé kan ṣoṣo ni a gbé síwájú. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ó mọ orúkọ Thomas ni kò mọ ohun mìíràn nípa rẹ̀ ju Sẹ̀gilọlá lọ. Bí ẹni tí ó rí èso kan lórí ilẹ̀, tí ó mú un jẹ, tí kò sì gbójú sókè wo igi tí ó ti já bọ́, ni wọ́n rí. Èrò mi nínú ọ̀rọ̀ yìí ni láti fi igi náà hàn. Igi náà ni ìwé ìròyìn rẹ̀. Bí kò bá sí iṣẹ́ olóòtú tí ó ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀, ìwé tí a ń yìn yìí kì bá ti wà. Ohun tí ó dára nínú ìwé náà, láti inú ìwé ìròyìn ni ó ti wá, àléébù tí ó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, orísun kan náà ni ó ní.

A bí Thomas ní ọdún 1888, ó sì kú ní ọdún 1963. Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ tẹ ìwé ìròyìn ní èdè wa. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi mọ̀ pé ní ọdún 1859 ni Henry Townsend, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ti C.M.S., bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta, àti pé ó ń jáde títí di ọdún 1867, nígbà tí ìrúkèrúdò lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere kúrò ní ìlú náà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún 1920 ni irúgbìn náà tó hù nípọn. Ní ọdún 1922 ni Adéoyè Deniga gbé Èkó Àkéte jáde. Ní ọdún 1923 ni E. A. Akintan tẹ̀lé e pẹ̀lú Elétí Ọfẹ. Ní ọdún 1924 ni D. A. Ọbasá bẹ̀rẹ̀ The Yoruba News ní Ìbàdàn. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ti ń pariwo ní ọjà nígbà tí Thomas gbé agogo tirẹ̀ dé ní ọdún 1928, tí ó sì sọ orúkọ rẹ̀ ní Akéde Èkó.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí orúkọ yìí. Akéde kì í ṣe onímọ̀ ìjìnlẹ̀, kì í sì í ṣe akéwì ààfin. Ẹni tí ó ń rìn láti àdúgbò dé àdúgbò ni, tí ó ń lu agogo, tí ó ń sọ ohun tí ọba wí fún ará ìlú. Bí kò bá sọ ọ́ ní èdè tí ìyá olóúnjẹ àti baba ahunṣọ yóò gbọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́. Thomas mọ ohun tí orúkọ náà béèrè. Èdè méjì ni ìwé ìròyìn rẹ̀ ń sọ, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dákẹ́ nígbà tí owó kò wọlé mọ́ tàbí tí agara dá ẹni tí ó ni wọ́n. Ṣùgbọ́n agogo Akéde Èkó ń ró títí ó fi wọ inú àwọn ọdún 1950.

Ẹ má ṣe fojú kéré ohun tí èyí jẹ́. Bí a bá ka ogún ọdún péré nínú ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀sẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún lọ. Ẹni tí ń kọ ìwé lè gbé e jókòó títí ọkàn rẹ̀ yóò fi là; olóòtú kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Bí ara rẹ̀ kò bá le, bí òkú bá kú ní ilé rẹ̀, bí ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní owó kò bá san án, ọjọ́ tí ìwé yóò jáde kò ní dúró dè é. Àwọn tí ń to lẹ́tà òjé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ń retí ọ̀rọ̀ tí wọn yóò tò, ojú ewé tí ó sì ṣófo kò ní àforíjì. Àwa tí a ń kọ ìwàásù ọjọ́ Ìsinmi mọ díẹ̀ nínú ìnira yìí, ṣùgbọ́n ìjọ wa lè dárí jì wá bí a bá tún ìwàásù àtijọ́ wà. Ẹni tí ó ra ìwé ìròyìn pẹ̀lú owó rẹ̀ kì í dárí jini bẹ́ẹ̀.

Láti inú ìnira yìí ni Thomas ti kọ́ ẹ̀kọ́ mẹ́ta tí ilé ẹ̀kọ́ kò lè kọ́ ènìyàn. Èkínní ni láti máa dárúkọ ohun tí ó ń sọ. Oníwé ìròyìn tí ó bá kọ pé "ní ibì kan ní Èkó" kò tíì sọ nǹkan kan. Ìdúmọ̀tà ni tàbí Ìsàlẹ̀ Èkó, òwúrọ̀ ni tàbí alẹ́, àwọn wo ni wọ́n wà níbẹ̀? A rí ìwà yìí nínú ìtàn ìrìn àjò tí ó ń tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn rẹ̀ nígbà tí ó bá kúrò ní Èkó tí ó sì lọ sí àwọn ìlú òkè. Kì í ṣe ẹwà òkè àti odò ni ó ń lépa nínú wọn bí kò ṣe ènìyàn: ẹni tí ó gbà á lálejò, ẹni tí ó sìn ín sọ́nà. Ẹni tí ó bá rí orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn kì í gbàgbé ọjọ́ náà, kì í sì í ṣàìra èyí tí yóò jáde ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Èkejì ni láti máa gbọ́. Lẹ́tà àwọn òǹkàwé kì í ṣe ohun tí a fi ń dí àlàfo nínú ìwé ìròyìn àwọn ọjọ́ wọ̀nnì. Ọkàn rẹ̀ ni wọ́n jẹ́. Tíṣà ń kọ, akọ̀wé ń kọ, oníṣòwò ń kọ, wọ́n ń bínú, wọ́n ń yọ̀, wọ́n ń bá ara wọn jiyàn. Kíka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ kí olóòtú mọ bí ọmọ Èkó ti ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ó bá di kálámù mú: bí ó ti ń pòwe, bí ó ti ń fa ẹsẹ̀ Bíbélì yọ, bí orin tí wọ́n ń kọ ní àdúgbò ti ń wọ inú ọ̀rọ̀ rẹ̀, àti bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ti í ṣàìyọjú. Ẹ̀kẹta ni láti mọ ibi tí ó yẹ kí a ti dá ọ̀rọ̀ dúró, kí ẹni tí ó ń gbọ́ má bàa sùn kí òwúrọ̀ tó mọ́.

Nígbà tí àwọn ẹ̀kọ́ mẹ́ta wọ̀nyí pé sí ọwọ́ rẹ̀ ni Sẹ̀gilọlá dé. Ní oṣù Keje ọdún 1929 ni lẹ́tà èkínní jáde nínú Akéde Èkó, èyí tí ó kẹ́yìn sì jáde ní oṣù Kẹta ọdún 1930. Kò sí orúkọ Thomas lábẹ́ wọn. Obìnrin kan ni ó ń kọ̀wé sí Ọ̀gbẹ́ni Olóòtú, arúgbó tí ó ń ṣàìsàn, tí ó fi orúkọ rẹ̀ tòótọ́ pamọ́, tí ó sì ń pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, Ẹlẹ́gbẹ̀rún Ọkọ Láyé. Omijé rẹ̀ ń kán sórí ìwé tí ó ń kọ. Ó ń rántí orin tí wọ́n ń kọ nígbà èwe rẹ̀, ó ń dárúkọ àdúgbò, ó ń bẹ àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n má ṣe rìn ní ọ̀nà tí òun rìn. Àwọn òǹkàwé gbà á gbọ́. Wọ́n kọ lẹ́tà sí olóòtú nípa rẹ̀ bí ẹni tí ń béèrè àlàáfíà ará ilé wọn. Nínú ọdún 1930 kan náà ni àwọn lẹ́tà náà di ìwé, Ilé Ìtàwé C.M.S. ní Èkó ni ó sì gbé e jáde.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó bí olùkọ́ ti ń wo iṣẹ́ ọwọ́. Kí ni ó mú kí a gba obìnrin yìí gbọ́? Kì í ṣe ìṣẹ̀lẹ̀ inú ìtàn náà, nítorí pé ìtàn obìnrin arẹwà tí ìgbẹ̀yìn rẹ̀ korò ti wà nínú àlọ́ wa láti ìgbà láéláé. Ohun tí ó mú kí a gbà á gbọ́ ni pé ó jókòó sínú ìwé ìròyìn, láàárín ìròyìn òtítọ́, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí àwọn tí ń kọ lẹ́tà ti ń sọ̀rọ̀. Ó ń ṣàìsàn ní ọ̀sẹ̀ kan, ara rẹ̀ sì ń yá díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Àkókò tirẹ̀ àti àkókò òǹkàwé jọ ń rìn ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí èyí ti yàtọ̀ tó, kí ó fi í wé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Ilé Ìtàwé C.M.S. yìí kan náà gbé jáde fún D. O. Fágúnwà ní ọdún 1938. Fágúnwà mú wa kúrò ní ilé lọ sínú igbó tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ẹsẹ̀ dé, ó sì fi ohun tí a kò rí rí kọ́ wa ní ọgbọ́n. Thomas kò mú wa lọ sí ibì kan. Ó ní kí a jókòó sí ojú fèrèsé ilé wa, kí a wo ẹni tí ń kọjá lọ. Ọgbọ́n méjèèjì ni ó ṣòro, ṣùgbọ́n a ti yin èkínní tó bẹ́ẹ̀ tí a fi gbàgbé èkejì. Àwọn kan ń jà lórí èwo nínú wọn ni ó yẹ kí a pè ní ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ìjà náà kò kàn mí púpọ̀. Ohun tí ó kàn mí ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tí a fi Fágúnwà kọ́ mọ̀ pé ọ̀nà kejì wà, àti pé òkìkí ìjọba àti ẹ̀bùn kọ́ ni ó la ọ̀nà náà bí kò ṣe iṣẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ olóòtú kan.

Nísinsìnyí, kí a wá sí ọ̀rọ̀ irọ́. Àwọn àgbà wí pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ ti bá ti Thomas; kò sí onímọ̀ kan lónìí tí ó ń jiyàn pé òun kọ́ ni ó kọ àwọn lẹ́tà náà. Ṣé a ó wá sọ pé ẹ̀tàn ni ó fi ta ìwé ìròyìn rẹ̀? Nígbà tí mo wà nínú ìtìjú mi, ẹni tí ó wá sí mi lọ́kàn ni wòlíì Nátánì. Ẹ rántí pé nígbà tí ó wọlé tọ Dáfídì lọ, kò sọ fún un pé òwe ni òun fẹ́ pa. Ó gbé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ tí ó gba àgùntàn kan ṣoṣo lọ́wọ́ òtòṣì kalẹ̀ bí ẹjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú, ọba sì gbà á bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ ru, ó dá ẹjọ́. Bí Nátánì bá ti kọ́kọ́ sọ pé àròsọ ni, ọba ì bá rẹ́rìn-ín músẹ́, ì bá sì yin ọgbọ́n rẹ̀, ọkàn rẹ̀ kì bá sì yí padà. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ìtàn tí ó wọ aṣọ òtítọ́ ni irọ́.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi Nátánì gba Thomas sílẹ̀ ní kíá tó bẹ́ẹ̀. Nátánì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó ṣí aṣọ kúrò lójú ìtàn náà, ó sì fi ìka tọ́ka sí ọba tí ó jókòó níwájú rẹ̀. Thomas kò ṣí i. Ó jẹ́ kí àwọn tí wọ́n kọ lẹ́tà àánú sí Sẹ̀gilọlá máa bá a lọ nínú àánú náà, kò sì tọ́ka sí ẹnikẹ́ni. Èyí ni àléébù rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, mo sì rò pé ìwà olóòtú ni ó fà á: ìtàn tí ó bá ń mú kí ìwé tà kì í rọrùn láti dá dúró. Èmi kò pè é ní òpùrọ́. Olùkọ́ tí agogo ilé ẹ̀kọ́ lù kí ó tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni mo pè é, tí àwọn ọmọ sì ti tú ká lọ sí ilé.

Àléébù méjì mìíràn tún wà tí ẹni tí ó fẹ́ràn ìwé náà kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Èkínní ni àsọtúnsọ. Ẹkún Sẹ̀gilọlá pọ̀. Ìkìlọ̀ rẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ ń padà wá bí ègbè orin. Nínú ìwé ìròyìn, èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí kò rí ìwé ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ní láti mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ àti ìdí tí ó fi ń sunkún. Ṣùgbọ́n nígbà tí a di gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ìwé kan, tí òǹkàwé sì ń ka lẹ́tà márùn-ún ní ìjókòó kan, ohun tí ó jẹ́ àánú fún ẹni àná di àárẹ̀ fún ẹni òní. Láàárín lẹ́tà tí ó kẹ́yìn àti ìgbà tí ìwé jáde, ọdún kan kò kọjá. Olóòtú tí ó ń gé ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn kò fi ọ̀bẹ náà kan ti ara rẹ̀.

Èkejì wúwo ju ìyẹn lọ. Obìnrin náà ní òun ní ẹgbẹ̀rún ọkọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ̀rún ọkùnrin ni ó bá a dẹ́ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin nìkan ni ó wà lórí àga ìjẹ́wọ́. Àìsàn rẹ̀, òṣì rẹ̀, ìdáwà rẹ̀ ni a ń fi hàn wá láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. A kò sì bi àwọn ọkùnrin náà léèrè bí a ti bi í. Mo ń sọ èyí nítorí pé mo ti rí ohun tí ó ń ṣe nínú kíláàsì. Nígbà tí mo bá ka ìtàn náà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn ọmọkùnrin a máa wo àwọn ọmọbìnrin, wọn a sì máa rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò kan àwọn. Olùkọ́ tí kò bá dá ẹ̀rín yìí dúró ti kọ́ wọn ní ohun tí kò ní lọ́kàn. Ẹ bi àwọn ọmọ náà pé: bí ìwọ bá ní láti kọ lẹ́tà ọ̀kan nínú ẹgbẹ̀rún ọkùnrin náà sí olóòtú, kí ni ìwọ yóò jẹ́wọ́? Ẹ ó rí i bí iyàrá náà yóò ti dákẹ́.

Lẹ́yìn Sẹ̀gilọlá, Thomas kò fi kálámù sílẹ̀. Ó padà sí iṣẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ rẹ̀ bí àgbẹ̀ ti ń padà sí oko lẹ́yìn ọdún ìkórè. Ó tún kọ ìtàn ìgbésí ayé Herbert Macaulay ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1923, tí ó sì kú ní ọdún 1946. Ẹ fi ìtàn ìgbésí ayé méjì yìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọ̀kan jẹ́ ti ọkùnrin tí gbogbo Èkó mọ̀, tí ogunlọ́gọ̀ sìnkú rẹ̀ lọ sí itẹ́ òkú Ìkòyí. Èkejì jẹ́ ti obìnrin tí kò ní ibojì nítorí pé kò ní ara. Ọwọ́ kan náà ni ó kọ méjèèjì. Ìṣe àwọn ẹni ńlá wà ní àkọsílẹ̀ níbi púpọ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ Macaulay kò ní ṣaláì rí ibi tí yóò ti kà nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ ìtàn obìnrin kan tí kò lówó, tí kò lókìkí, tí àdúgbò kan ṣoṣo mọ̀? Bí a kò bá fi ọkàn dá a, kò ní sí. Èyí ni mo kà sí ìdáláre Thomas tí ó tóbi jù lọ. Ìwé ìròyìn rẹ̀ kọ́ ọ láti gbọ́ ohùn àwọn tí kì í wọ inú ìwé, nígbà tí kò sì rí ọ̀kan nínú wọn tí ó lè jókòó kọ gbogbo rẹ̀, ó yá a ní kálámù tirẹ̀.

Fún ìgbà pípẹ́ ni ìwé yìí ṣọ̀wọ́n, tí àwọn ìwé ìròyìn náà sì ń gbó sí ibi tí a kó wọn jọ sí, bébà wọn ń rún bí ewé àgbọn gbígbẹ. Ní ọdún 2012 ni Karin Barber, olùkọ́ àgbà ní yunifásítì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tún tẹ Sẹ̀gilọlá jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn àkọsílẹ̀ mìíràn láti inú àwọn ìwé ìròyìn ìgbà náà. Ó yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sì yẹ kí ojú tì wá díẹ̀ pẹ̀lú, nítorí àjèjì ni ó rọra ṣí ojú ewé tí àwa ń fi sílẹ̀ fún ikán. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú tí ìjọ rẹ̀ ti gbó, ẹ wo inú àpótí tí ó wà ní yàrá àwọn akọrin àti lábẹ́ àga pẹpẹ. Bí ẹ bá rí ìwé ìròyìn àtijọ́, ẹ má ṣe fi í dáná, ẹ má sì fi í di ẹ̀pà. Ó lè jẹ́ pé ìdajì ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé kan sọ láyé ni ẹ mú lọ́wọ́ yẹn.

Mo fẹ́ parí ní ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo ti mọ òtítọ́, kò rọrùn fún mi láti padà síwájú àwọn ìyá náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ọkàn kò jẹ́ kí n sinmi. Mo tọ ìyá àgbàlagbà náà lọ ní ilé rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, nítorí ó tó ìyá mi bí, mo sì wí pé, "Màmá, ẹ forí jì mí. Ẹ bi mí ní ibojì Sẹ̀gilọlá. Kò sí. Ọkùnrin kan ni ó fi ọgbọ́n orí rẹ̀ kọ ọ́. Mo ti mú yín sunkún lásán."

Ìyá náà wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Kátíkíìsì, ẹ dìde. Kì í ṣe ará Èkó yẹn ni mo sunkún fún. Àbúrò mi obìnrin kan wà tí ó kúrò nílé, tí kò padà wá mọ́. Bí ẹ ti ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, òun ni mo ń rí. Ibojì tirẹ̀ ni mo ń béèrè."

Nígbà náà ni mo mọ̀ pé ẹni tí Thomas kò tọ́ka sí, ìtàn náà fúnra rẹ̀ ti tọ́ka sí i, lẹ́yìn ọgọ́rin ọdún ó lé, ní ìjọ kékeré kan tí olóòtú náà kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Mo ṣì ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ìtàn Sẹ̀gilọlá. Ohun kan ṣoṣo ni mo yí padà. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń sọ fún wọn pé olóòtú ìwé ìròyìn kan ní Èkó ni ó kọ ọ́, mo sì máa ń dárúkọ rẹ̀. Síbẹ̀, oorun ṣì ń sá.